Páúdà nano tí wọ́n fi naitrojín lú: ṣé kí a dà á sínú tánkì omi?

Ará-Mararaba béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n gbé páúdà kan wá bá wa ládùúgbò, ó pupa rúsúrúsú bíi kọ́sítáàdì. Ẹni tó gbé e wá ní TiO2 (titanium dioxide) ni, pé èérún rẹ̀ kéré dé ìwọ̀n nano, pé naitrojín ni wọ́n fi lú u kí oòrùn lásán lè tó o, kò ní í lo iná, kò ní í lo klorín. Ó bù ú sínú ìgò omi búlúù kan, ó gbé e sóòrùn. Kò tó wákàtí méjì tí omi náà fi mọ́ gaara. Ó ní kí a máa da gíráàmù kan sí lítà kọ̀ọ̀kan nínú tánkì wa tó ń gba 1,000 lítà, pé ì báà jẹ́ omi borehole, ì báà jẹ́ èyí tí mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, fi kẹ́ẹ̀gì tì wá, yóò di mímu. Ó ní ohun kan náà ló lè kó òjé kúrò nínú omi Zamfara, tó sì lè fọ omi ilé iṣẹ́ awọ ní Kánò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo tún gbọ́ pé ZnO (zinc oxide) ò wọ́n tó TiO2. Èwo ni ká mú?

* * *

Bàbá-Asẹ́:

Ṣé tánkì dúdú ni tánkì yín? Bó bá jẹ́ ike dúdú bíi ti gbogbo ayé, inú òkùnkùn lẹ fẹ́ da ohun tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ sí yẹn. Gíráàmù kan sí lítà kan, kìlógíráàmù kan gbáko nìyẹn nínú tánkì kan. Ṣé ẹ ó mu ún mọ́ omi ni, àbí ẹ ní asẹ́ tó lè gbà á? Ẹ má tíì sanwó.

* * *

Ìyá-Lábù:

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lọ̀rọ̀ tánkì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé páúdà náà ò níṣẹ́. Ó níṣẹ́. Ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí ni ò yẹ ẹ́.

TiO2 àti ZnO, semiconductor ni wọ́n. Electron wọn jókòó sísàlẹ̀, àlàfo kan sì wà láàárín ìsàlẹ̀ yẹn àti òkè tó ti lè rìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lágbára tó àlàfo náà, electron á fò sókè, á fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn. Electron á lọ mú ọ́síjìn inú omi, ihò á mú omi fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni hydroxyl radical, èérún kékeré tó ń jẹ nǹkan kíákíá, ti ń jáde. Ohun tó bá ní kábọ́ọ̀nù nínú ni radical yìí ń jẹ: àwọ̀ aṣọ, oògùn kòkòrò, epo, ara bakitéríà. Àlàfo TiO2 tí wọ́n ń pè ní anatase jẹ́ 3.2 eV (eV ni wọ́n fi ń wọn agbára electron). Ẹ fi 3.2 pín 1,240, nọ́ńbà tó ń sọ eV di gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi nanomítà 388. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ju ìyẹn lọ ò lè jí electron yẹn. UV tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ ò sì ju ìdá 4 sí 5 nínú 100 lọ lára gbogbo oòrùn tó ń pa wá lórí. Ìdí tí wọ́n fi ń lú u nìyẹn.

Ẹ má fi wé ti ẹlẹ́mu tó fi omi lú ẹmu. Naitrojín díẹ̀ ló gba ipò ọ́síjìn díẹ̀ nínú èérún náà, ó sì gbé àtẹ̀gùn kékeré kan sáàárín àlàfo yẹn, tí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, títí dé nǹkan bíi nanomítà 500, á fi lè ṣiṣẹ́. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Fujishima àti Honda fi ìmọ́lẹ̀ àti TiO2 pín omi ní 1972, Asahi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti naitrojín jáde ní 2001. Àmọ́ àtẹ̀gùn lè di kòtò. Bí ohun tí ẹ fi lú u bá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni electron àti ihò á ti pàdé, tí wọ́n á pa ara wọn rẹ́, omi ò sì ní rí nǹkan kan gbà. Fún irin tàbí bàbà, ìdá 1 nínú 100, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ló sábà máa ń dáa. Ẹni tó bá ní ìdá 10 lòun fi lú tòun, nǹkan méjì ló pò pọ̀, kò lú nǹkan kan.

* * *

Kẹ́mísírì-Zaria:

Omi búlúù yẹn ni kí ẹ padà sí. Ó dájú pé methylene blue ni, òun ni gbogbo wọn ń gbé kiri nítorí pé ó dùn ún wò. Ọ̀nà márùn-ún ni búlúù yẹn lè gbà pòórá, ọ̀kan péré ló sì jẹ́ pé páúdà ló ṣiṣẹ́. Mẹ́rin tó kù rèé. Ó lè lẹ̀ mọ́ ara páúdà, kí ó rì sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ẹ wo ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ ó rí i pé páúdà rúsúrúsú ti di búlúù. Oòrùn nìkan lè pa á. Ó tún lè yí padà sí irú rẹ̀ tí kò láwọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá mi ìgò pẹ̀lú afẹ́fẹ́, búlúù á tún yọjú. Àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ tún ń gba ìmọ́lẹ̀ ní nanomítà 664, á ju electron tirẹ̀ sára TiO2, á sì ti ibẹ̀ bà jẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní páúdà òun ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, tó sì fi methylene blue jẹ́rìí sí i, ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀ ló mú wá.

Ohun tí kò láwọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Paracetamol dáa, mílígíráàmù 10 nínú lítà kan. Bíkà mẹ́rin, mílílítà 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ò ní páúdà, oòrùn ni kó wà. Èkejì ní páúdà gíráàmù 0.05, kí ẹ fi fóìlì wé e pátápátá. Ẹ̀kẹta ní páúdà ìwọ̀n kan náà, oòrùn. Ẹ̀kẹrin, TiO2 tí wọn ò lú rárá, òun náà nínú oòrùn. Ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo wọn sínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 30, kí èyí tó máa lẹ̀ ti lẹ̀ tán, kí ẹ máa rò ó. Lẹ́yìn náà, ní ìṣẹ́jú 30 sí 30, ẹ fa mílílítà 5, ẹ fi asẹ́ sírínjì 0.2 máíkírọ̀nù sẹ́ ẹ, kí ẹ fi spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi gbà, kà á ní nanomítà 243, níbi tí paracetamol ti ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá sẹ́ ẹ, funfun tó kù nínú omi á tú ìmọ́lẹ̀ ká, ẹ ó máa rò pé paracetamol ni.

Bíkà kẹrin yẹn ni àwọn olùtajà ò fẹ́ kí ẹ gbé kalẹ̀. Nínú oòrùn tòótọ́, TiO2 lásán náà ní UV tirẹ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa pé òun ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

* * *

Ìyá-Lábù:

Mo fara mọ́ ọn, àfi gbólóhùn kan. Bí 243 bá lọ sílẹ̀, paracetamol ti fọ́ nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé èérún tó fọ́ sí ti tán. Ẹ wọn COD (ọ́síjìn tí ẹ̀gbin inú omi máa gbà kó tó jóná tán) tàbí TOC (gbogbo kábọ́ọ̀nù ẹ̀gbin tó kù nínú omi). Atrazine tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sóko àgbàdo káàkiri àríwá ńbí jẹ́ àpẹẹrẹ rere: TiO2 ń fọ́ ọ dé cyanuric acid, ibẹ̀ ló ti ń dúró. Ẹ ò ní rí atrazine mọ́ nínú èsì, òrùka rẹ̀ sì wà nínú omi síbẹ̀.

* * *

Sábó-Kánò:

Ẹni tó ní òun fẹ́ da páúdà yìí sínú omi ilé iṣẹ́ awọ Challawa tàbí Sharada, ẹ bi í bóyá ó ti rí omi náà rí. Irun wà nínú ẹ̀, ọ̀rá wà nínú ẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n fi tọ́jú awọ, ẹfun, sulphide tí wọ́n fi bọ́ irun, chromium tí wọ́n fi sọ awọ di èyí tí kì í jẹrà. Ó ṣú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Ìmọ́lẹ̀ wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀? Iyọ̀ náà á sì máa jẹ radical kí radical tó jẹ ẹ̀gbin.

Mo fẹ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa kú: ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ nípa chromium àti TiO2 ní kí ẹ fa pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wálẹ̀ dé 3. Inú omi mímọ́ tí wọ́n po ní lábù ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Bí ẹ bá da ásíìdì sínú omi tó ní sulphide, hydrogen sulphide ló máa tú jáde. Ẹ ó gbóòórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, bó bá sì ti pọ̀, imú ò ní gbóòórùn mọ́ rárá, ìgbà yẹn gan-an ló ń pa èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí sulphide á fi tán, nígbà tí pH ṣì ga. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè máa sọ̀rọ̀ ásíìdì.

Chromium tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ awọ jẹ́ oníye mẹ́ta (Cr3+), kì í ṣe oníye mẹ́fà (Cr6+) tí àwọn ìwé ń fi photocatalyst, irú páúdà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ yìí, yí padà. Oníye mẹ́ta yẹn, ẹfun nìkan tó o. Ẹ gbé pH dé nǹkan bíi 8.5, á di ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé, á jókòó sísàlẹ̀. Oníye mẹ́fà pàápàá, bí páúdà bá sọ ọ́ di oníye mẹ́ta, ẹ ṣì ní láti fi ẹfun mú un jókòó ni. Ipò páúdà nano nínú omi awọ ni òpin pátápátá, lẹ́yìn ẹfun, lẹ́yìn kòtò ìfisílẹ̀, lẹ́yìn tí bakitéríà ti jẹ tiwọn, fún àwọ̀ díẹ̀ tó bá kù.

* * *

Ọmọ-Aláró:

Níwọ̀n bí ẹ ti dé Kánò, ẹ má gbàgbé kòtò aró Kofar Mata tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dá a lábàá pé kí wọ́n fi ZnO tọ́jú omi rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ tọ́jú? Gbogbo aláró ló mọ̀ pé aṣọ kì í jáde ní búlúù látinú ìkòkò. Ó máa ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Aró tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ kò yọ́ nínú omi mọ́, ó ti di èérún. Ẹ ru omi náà kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ. Ohun tó kù tó yẹ ká bójú tó ni eérú àti kọ́sítíìkì tó gbé pH ga, páúdà nano ò sì ní nǹkan kan ṣe sí ìyẹn.

Àwọ̀ òyìnbó tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ń lò, tí kì í jókòó, tí bakitéríà ò tètè rí jẹ, òun ni iṣẹ́ yìí bá mu.

* * *

Ará-Mararaba:

Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn kan ní ewé dóńgóyárò la lè fi ṣe é fúnra wa, pé kò ní kẹ́míkà nínú. Dóńgóyárò pọ̀ níbí bí ilẹ̀ bí ẹní.

* * *

Ìyá-Lábù:

Àbúrò, fàdákà ni ọ̀rọ̀ ewé bá mu jù. Oje ewé máa ń sọ iyọ̀ fàdákà di fàdákà gidi. Àwọn ará yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn pàápàá ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n síńkì inú ZnO ò yí padà sí síńkì lásán, oxide la fẹ́. Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń so mọ́ síńkì, kí èérún má bàa dàgbà jù. Iyọ̀ síńkì tí ẹ máa rà, kẹ́míkà náà ni. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́dọ̀ jó o ní ìwọ̀n 400 sí 500 lórí Celsius, kí ewé lè jóná tán. Bí ẹ ò bá jó o dáadáa, ewé fúnra rẹ̀ á máa yọ́ sínú omi, COD á lọ sókè dípò kó wálẹ̀. Ewé ìgbà òjò ò sì rí bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí rèé tí ọwọ́ kejì kì í fi í jọ ti àkọ́kọ́.

* * *

Kẹ́mísírì-Zaria:

Bí ẹ bá fẹ́ ZnO tí wọ́n fi irin lú, ẹ má fi ewé da ara yín láàmú. Zinc acetate oníomi méjì, gíráàmù 21.73, àti iron nitrate oníomi mẹ́sàn-án, gíráàmù 0.404. Irin ìdá 1 nínú 100 nìyẹn. Ẹ yọ́ méjèèjì pọ̀ nínú mílílítà 500 omi tí wọ́n sè tó di oru tó tún di omi. Omi pọ́ọ̀ wọtà kò ní ṣe é. Gíráàmù 8 NaOH nínú mílílítà 250. Ẹ gbé èkíní sórí ohun ìgbóná ní ìwọ̀n 60 sí 70, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ máa kán NaOH sí i fún bíi wákàtí kan. Ẹ tún rò ó fún wákàtí méjì. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde á fi dé pH 7, ẹ gbẹ ẹ́ ní 80, ẹ jó o ní 400 fún wákàtí méjì. Ẹ ò lè rí ju nǹkan bíi gíráàmù 8 lọ.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: irin máa ń tètè jókòó ju síńkì lọ bí pH bá ń gòkè. Bí ẹ bá ń kán NaOH díẹ̀díẹ̀ sínú iyọ̀ báyìí, irin lè dá jókòó ṣáájú, kí ẹ ní ìpẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ZnO dípò ZnO tí irin wọ̀ lára. Bó bá ti pupa kọjá ìwọ̀n, ẹ fura. Ẹ yí i padà, kí ó jẹ́ iyọ̀ lẹ ó máa dà sínú NaOH, kí àwọn méjèèjì lè jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. XRD, ẹ̀rọ X-ray tó ń fi hàn bí páúdà ṣe tò nínú, ló máa sọ òtítọ́: òkè inú àwòrán rẹ̀ á sún díẹ̀ bí irin bá wọlé, òkè tuntun á yọ bó bá dá dúró.

Ti naitrojín rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì kún fún ẹ̀tàn jù. TiO2 tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jókòó, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ urea ìwọ̀n kan náà, ẹ jó o ní 400 fún wákàtí méjì nínú kúrúsíbù tó ní ìdérí, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, nítorí amóníà. Á pupa rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n urea tó ń gbóná máa ń so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ di nǹkan rúsúrúsú mìíràn tó lẹ̀ mọ́ ojú TiO2, àwọ̀ tí ẹ rí lè jẹ́ tirẹ̀. Rúsúrúsú ò túmọ̀ sí pé naitrojín wọlé.

* * *

Sábó-Kánò:

Bí wọ́n bá wá mú iná lọ ní ìwọ̀n 300 ńkọ́?

* * *

Kẹ́mísírì-Zaria:

Ẹ má ṣílẹ̀kùn ìléru. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tutù. Bí iná bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìwọ̀n 5 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí wákàtí méjì yẹn pé gbáko ní 400. Páúdà ò ní kú. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú, kábọ́ọ̀nù ló kù nínú rẹ̀, ẹ tún un jó. Ẹ kàn má sọ pé kí ẹ gbé e dé 700 kó lè yá, TiO2 yín á kúrò ní anatase, á di irú kejì tí wọ́n ń pè ní rutile, èérún á dàgbà, ojú rẹ̀ á kéré.

* * *

Bàbá-Asẹ́:

Ẹ ti ń ṣe páúdà láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bó ṣe máa jáde nínú omi.

Mo máa fi ZnO ṣe àkọ́kọ́. Ó ń yọ́ nínú omi tó kan, ó ń yọ́ nínú omi tó ní kọ́sítíìkì, oòrùn tó ń lò náà sì ń jẹ ẹ́ lára. Ìwé ìwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ní síńkì ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 3 nínú lítà kan. Bí ẹ bá da gíráàmù kan sí lítà kan, tí mílígíráàmù 4 péré bá yọ́ lára rẹ̀, ẹ ti kọjá ìwọ̀n. Nítorí náà ẹni tó béèrè pé èwo ni ká mú, TiO2 ni fún omi mímu. Ẹ fi ZnO sílẹ̀ fún ìdánwò.

TiO2 náà wá ńkọ́? Èérún tó tó nanomítà 20 tàbí 30 kì í dúró lórí asẹ́ bébà, aṣọ ò tilẹ̀ yẹ kí a dárúkọ. Asẹ́ membrane 0.2 máíkírọ̀nù á gba èyí tó ti ṣù pọ̀, á sì dí kíákíá. Ẹ lè mú pH sún mọ́ 6 sí 6.5, níbi tí TiO2 ò ti ní àmì iná lára, kó ṣù, kó jókòó di òwúrọ̀. Ẹ lè fi álọ́ọ̀mù kó o, ó sì dìdàkudà pẹ̀lú ẹrẹ̀ álọ́ọ̀mù nìyẹn, ẹ ò lè lò ó mọ́. Àwọn kan fi irin onímágínẹ́ẹ̀tì sínú kí wọ́n lè fi mágínẹ́ẹ̀tì fà á jáde. Ó dáa lójú, àmọ́ bí wọn ò bá fi silica bo irin náà kí wọ́n tó fi TiO2 wé e, irin á gba electron, á máa yọ́.

Mo ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan.

* * *

Ìyá-Lábù:

Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ojú rẹ̀. Nínú omi, ẹ̀gbin ń bá èérún pàdé níbi gbogbo. Lára gíláàsì, ẹ̀gbin ní láti rìn wá bá a. Iṣẹ́ wákàtí kan lè di wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

* * *

Bàbá-Asẹ́:

Ó kúkú lọ́ra. Ọ̀la mo ṣì máa rí i níbi tí mo fi í sí. Èyí tó yára yẹn, ikùn ọmọ ni mo máa ti lọ wá a.

Bó ṣe rí rèé. TiO2 gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 omi, nitric acid díẹ̀ kí pH wá sí 3, kí ó má bàa ṣù. Ẹ fi sónikétọ̀ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀yìn táìsì tí kò dán ló dáa jù, ó ní ojú tó lè dì í mú. Bó bá jẹ́ gíláàsì fèrèsé, sodium inú rẹ̀ á máa rìn wọ inú TiO2 nígbà tí ẹ bá ń jó o, á sì pa iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi silica bò ó ṣáájú, tàbí kí ẹ lo gíláàsì lábù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ tún kùn ún, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan, á sán bí ilẹ̀ tó gbẹ, á sì máa bó. Ẹ jó o ní 450 fún wákàtí kan, kí ó gòkè díẹ̀díẹ̀ kí táìsì má bàa fọ́. Tó bá ti tutù, ẹ fi àtàǹpàkò nù ún: bí funfun bá bá ọwọ́ yín jáde, kò lẹ̀. Ẹ tún fi sẹ́lótéèpù fà á.

Ẹ fi àwọn táìsì yẹn tẹ́ ìsàlẹ̀ àwo pẹrẹsẹ, omi orí rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ntímítà 3 lọ. Mítà kan sí mítà kan, lítà 30 nìyẹn. Ilé tó ń mu 100 lítà lójúmọ́ á nílò irú àwo bẹ́ẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Kí omi máa rìn lórí rẹ̀, ọ́síjìn lòun náà ń jẹ, omi tó dákẹ́ á tètè tán án. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan bò ó nítorí ẹyẹ àti eruku, ẹ má fi polycarbonate bò ó, irú ike ìgò dispenser ńlá yẹn. Ó mọ́ lójú, àmọ́ ó ń dí UV. Gíláàsì tó fẹ́lẹ́ sàn jù ú lọ.

Tí ẹ bá ń jó páúdà tàbí ẹ ń lọ̀ ọ́, ẹ fi nǹkan bo imú. Mímí TiO2 símú wà lára ohun tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kà sí ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, Yúróòpù náà sì ti yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ ní 2022.

* * *

Sábó-Kánò:

Kò sẹ́ni tó dáhùn ti Zamfara. Òjé kì í fọ́. Ìpìlẹ̀ ni, kò ní kábọ́ọ̀nù tí radical máa jẹ. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ojú TiO2 ṣì wà níbẹ̀, bí pH bá yí padà á tún jáde. Ní 2010, tí ọmọ tó lé ní 400 kú lágbègbè Yargalma, Dareta àtàwọn abúlé mìíràn, eruku òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé ló pọ̀ jù nínú ohun tó pa wọ́n, ilẹ̀ ni wọ́n sì ní láti wà kúrò. Ẹni tó bá gbé páúdà rúsúrúsú lọ síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lé e ni. Fluoride, nitrate, iyọ̀, bákan náà: páúdà yìí ò kàn wọ́n.

* * *

Ará-Mararaba:

Ó ti yé mi. Borehole tiwa sún mọ́ soakaway, omi mai ruwa sì máa ń ní ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ṣé ká kàn gbàgbé nano?

* * *

Ìyá-Lábù:

Fún borehole tó sún mọ́ soakaway, bakitéríà àti nitrate ni ẹ máa bá. Nitrate, ẹ wá orísun mìíràn. Bakitéríà, klorín tètè ṣe é ju gbogbo ohun tá a ti ń sọ láti àárọ̀ lọ, ó sì ṣì ń ṣọ́ omi nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e wọlé. TiO2 ò ní irú ẹ̀ṣọ́ yẹn: oòrùn wọ̀, iṣẹ́ parí, ife ìdọ̀tí kan ti tó láti bà á jẹ́. Bí ẹ ò bá ní klorín, ìgò ike tó mọ́ gaara, wákàtí mẹ́fà nínú oòrùn, ọjọ́ méjì bí ojú ọjọ́ bá ṣú, láìsí páúdà kankan. Àmọ́ omi náà ò gbọ́dọ̀ dàrú ju 30 NTU lọ (NTU ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe dàrú tó).

Ibi tí àwo Bàbá-Asẹ́ ti wúlò ni omi tó ní oògùn oko tàbí òórùn epo, tí klorín ò mú, tàbí tó máa bá klorín di nǹkan mìíràn. Bí omi borehole bá ní bicarbonate púpọ̀, iṣẹ́ á lọ́ra, torí òun náà ń jẹ radical.

* * *

Bàbá-Asẹ́:

Fún ẹlẹ́rẹ̀, bó ṣe máa tò nìyí: álọ́ọ̀mù, kí ó jókòó, iyanrìn, kí NTU wá sísàlẹ̀ 5, àwo, lẹ́yìn náà klorín. Ẹ má da álọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ to ife mẹ́fà, lítà kan kan, ẹ fi mílígíráàmù 10, 20, 30, 40, 50, 60 sí wọn, ẹ rò wọ́n kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, jẹ́jẹ́ fún 15, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó kéré jù tó sì mọ́ ni kí ẹ mú. Ẹ tún un ṣe bí òjò bá ti rọ̀, torí omi àná kọ́ ni tòní.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe àwo, ẹ jẹ́ kó kọjú sí gúúsù, kó dagun ní ìwọ̀n bíi 9 ní Abuja, 12 ní Kánò. Bí ó bá dagun báyìí, omi ò lè dúró ní sẹ̀ntímítà 3 mọ́, ẹ ó ní láti máa fi pọ́ǹpù kékeré gbé e padà sókè kí ó máa ṣàn wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó láàárín ọjọ́ méjì péré. Omi nìkan ni kí ẹ fi ṣan án, ẹ má fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

* * *

Ará-Mararaba:

Pọ́ǹpù yẹn, ṣé sólà lè gbé e? Àti pé kí ni kí n sọ fún ọkùnrin páúdà?

* * *

Kẹ́mísírì-Zaria:

Sólà lè gbé e, ìgbà tí oòrùn bá wà náà lẹ nílò rẹ̀. Ọkùnrin páúdà, ẹ ní kó gbé bíkà kẹrin wá.